Pa Á, Ilẹ̀ Ń Fà Á Lọ

Ẹ kò ní gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gbọ́. N kò bínú. Èmi náà tí mo di sítíárì mú nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé irọ́ ni mo ń pa bí mo bá ti sọ ọ́ dé ibi tí fèrè ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rín in. Ẹni tí ó bá fẹ́ mi orí, kí ó mì í. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe bi mí bóyá mo mu ẹmu lọ́jọ́ náà. N kò mu ú. Ọ̀gá mi kì í ra ẹmu fún ènìyàn.

Iléṣà ni mo ń gbé nígbà náà, ní àwọn ọdún tí kòkó ń ta dáadáa, tí òmìnira kò tíì dé ṣùgbọ́n tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀túnla ni. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo ti ka ìwé mẹ́fà jáde, mo sì ń wa ọkọ̀ fún oníṣòwò kòkó kan. Òṣómàáló ni ọ̀gá mi yìí tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ títà láti ìlú dé ìlú. Ẹsẹ̀ ni ó fi rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Yorùbá kí ó tó lówó ọkọ̀, ó sì dà bíi pé kò tíì dárí ji ọkọ̀ pé kò tètè wá.

Ọkọ̀ tí ó wá rà kì í ṣe kékeré. Òyìnbó kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni ó tà á fún un ní Èkó. Ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Àwọ̀ wàrà ni, irin dídán sì yí i ká níwájú àti lẹ́yìn. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì; jíà ń yí ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ènìyàn bẹ̀ ẹ́. A kì í fi ọwọ́ yí gíláàsì fèrèsé rẹ̀, bọ́tìnnì ni à ń tẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí o bá fi àtàmpàkò ẹsẹ̀ kàn án, gbogbo ọkọ̀ á kúnlẹ̀. Nígbà tí òyìnbó náà gba owó tán, ó bọ ọ̀gá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bọ èmi awakọ̀ náà lọ́wọ́. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Kí oṣù tó parí ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìwà rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, kì í jí. Bí a bá yà sí ọwọ́ òsì, fèrè rẹ̀ á dún díẹ̀, bí àgbàlagbà tí ń wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé òun wà nílé. Iná iwájú a máa tàn ní ọ̀sán, a sì máa sinmi ní alẹ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan ní Òṣogbo, ẹni tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ó ní fúúsì ni ó ń jó. Ó yọ èyí tí ó jó, ó wá bébà dídán inú páálí sìgá, ó fi wé e, ó sì tì í padà sí àyè rẹ̀. Ó ní, "Èyí kò ní jó mọ́ láéláé." Òótọ́ ni ó sọ. Fúúsì náà kò jó mọ́. Àwọn nǹkan mìíràn ni ó ń jó dípò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àìsàn ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ìyọnu wa. Ọ̀gá mi ní àṣà kan. Bí a bá ti dé orí òkè, tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn, yóò ní, "Pa á."

Mo bi í nígbà àkọ́kọ́ pé, "Kí ni kí n pa, sà?"

"Ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀ ń fà á lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni ó tún ń jẹ epo fún?"

N ó fi jíà sí fìrì, n ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á sì máa yọ́ lọ bí ológbò tí ó jí ẹja. Bí a bá dé ìsàlẹ̀, n ó jí i. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ̀ ọ́n, kò ní ibi tí ó tẹ́jú púpọ̀: à ń pa á, à ń jí i, à ń pa á, à ń jí i. Ọ̀pọ̀ àwọn onílọ́rì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí èmi àti ọ̀gá mi kò mọ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń fún bíréèkì ọkọ̀ tiwa lágbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, agbára tó ṣẹ́ kù kò ju ìtẹ̀ méjì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bíréèkì á le bí àpáta Olúmọ. Àwọn òkè tí a ti ń sọ̀ títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí, a kò tẹ bíréèkì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lórí wọn. Oore ni Ọlọ́run ń ṣe wá, àwa sì rò pé ọgbọ́n ni.

Ní àkókò yìí, mo fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Òṣogbo. Ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ ni ọkọ̀ yìí kú sí ní ọjọ́ òjò kan, nítorí náà n kò lè sọ pé ọkọ̀ náà kò ṣe mí lóore rárá. Ọmọbìnrin náà jáde wá, ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé oorun ni ó ń sùn àbí ó ti kú?" Mo ní oorun ni. Ó ní, "Oorun ọlọ́lá." Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀gá bá rán mi sí Òṣogbo, kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ kí ọkọ̀ tó kú níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Bàbá ọmọbìnrin náà ti wa lọ́rì ẹlẹ́kòkó di arúgbó. Nígbà tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó ra lọ́rì tirẹ̀, ó fi lé awakọ̀ kan lọ́wọ́ kí ó máa kó kòkó láti Iléṣà wá sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Ògún ni bàbá náà ń bọ, ìyá ọmọ ń kírun, ọmọ fúnra rẹ̀ sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí orin. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkan jà nínú ilé náà àfi lórí ẹran tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò.

Bàbá tèmi ti kú, nítorí náà ọ̀gá mi ní òun yóò bá mi lọ tọrọ ọmọ. A kó iṣu sí ẹ̀yìn ọkọ̀, a lọ. Ọ̀gá mi wọ agbádá àrán, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó ní:

"Mo gbọ́. Ọkùnrin tó bá fẹ́ gbé ọmọ mi lọ, kó kọ́kọ́ gbé èmi lọ ná. Kó gbé mi dé Iléṣà, kó gbé mi padà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ́ mi lọ́rùn, a ó sọ̀rọ̀ ọjọ́. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ ó kó iṣu yín padà sílé."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin bàbá yìí. Ṣé ẹ ti rí ọkọ̀ náà? Ẹ ó sùn nínú rẹ̀ ni."

"N kò wá sùn."

Ó wọlé lọ. Nígbà tí ó jáde, ó ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà, ó sì gbé igi kan há abíyá. Igi apá ni, wọ́n gbẹ́ ẹ ní onígun mẹ́ta, wọ́n sì kan irin mọ́ ìdí rẹ̀. Wẹ́ẹ̀jì ni, igi tí ọmọ ẹ̀yìn lọ́rì fi máa ń há táyà lórí òkè kí ọkọ̀ má baà yí lọ. Orí rẹ̀ ń dán fún epo pupa. Bàbá kì í bọ Ògún kó má fi díẹ̀ kàn án.

Ọ̀gá mi wò ó. "Àpótí ìjókòó ni, àbí igi ìdáná?"

"Wẹ́ẹ̀jì ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílé. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe bọ́lẹ̀kájà."

"Ó ní táyà, àbí kò ní?"

Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka bo ẹnu. Nígbà tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rọra ní, "Má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni méjì ló ti kó iṣu wọn padà sílé." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iṣu mi ti wọ ìdánwò.

Bàbá kò gbà láti jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀gá mi. Iwájú ni ó jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé wẹ́ẹ̀jì sí àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wo ọ̀nà. Ọwọ́ mi ni ó ń wò, nígbà tí ó bá sì sú u, á wo ẹsẹ̀ mi. Àlọ wa dára. Àbùkù kan ṣoṣo ni pé nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé Ìbòkun, gíláàsì fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gòkè fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì sọ̀ mọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì títí. Oòrùn ń ta. Kò pẹ́ tí a fi di ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé.

Bàbá nu ojú rẹ̀. "Àwa tí a wa lọ́rì, gíláàsì tiwa kì í dènà wa. Kò sí gíláàsì."

Ọ̀gá mi ní, "Ooru díẹ̀ dára fún ara àgbà." Òógùn ti fi agbádá àrán lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, kò sì rántí ọ̀pá rẹ̀ títí a fi dé Iléṣà.

A dé Iléṣà, a jẹun, ara tù wá, a gbéra padà. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn kò tíì wọ̀. Ọ̀nà ìhà Ìbòkun ní òkè kan tó ga, tí ó ní kọ̀rọ̀ kan láàárín, níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí, tí ó sì sọ̀ sórí afárá onípákó. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni afárá náà lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ mìíràn, nígbà tí èmi àti ọ̀gá mi bá débẹ̀, a máa ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí àwọn tó ń ru ẹrù, òun kì í sì í rántí ọ̀pá rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọ̀nà dá, inú ọ̀gá mi sì dùn. Bí a ti yọ sórí òkè, mo gbọ́ ọ̀pá léjìká.

"Pa á."

Bàbá yíjú. "Pa kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì," ni ọ̀gá mi wí. "Ilẹ̀ ń fà á lọ."

Bàbá mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ó wò mí. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo wo dígí òkè orí mi, mo rí ojú ọ̀gá mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí ojú bàbá. Ọ̀kan ń fún mi lóúnjẹ, ọ̀kan lè fún mi ní ìyàwó. Mo rò ó. Èyí tó ń fún mi lóúnjẹ ti fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èkejì kò tíì fún mi ní nǹkan kan. Mo pa á.

Ìtẹ̀ kìíní, mo fi dá ewúrẹ́ kan sí. Ewúrẹ́ náà kò dúpẹ́. Ìtẹ̀ kejì, mo fi wọ kọ̀rọ̀. Nígbà tí a yọ ní kọ̀rọ̀, mo rí afárá ní ìsàlẹ̀, mo sì rí ìdí lọ́rì kan lórí rẹ̀. Pákó kan ti yẹ̀ lábẹ́ táyà rẹ̀. Awakọ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tò ó padà. Mo tẹ bíréèkì nígbà kẹta. Ó dà bíi pé ògiri ilé ni mo tẹ̀.

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí ìdí lọ́rì náà pé, RỌRA, ILÉ Ò SÁ LỌ. Mo kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Ẹ́ńjìnnì kò jí. Fèrè ni ó jí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdánu dúró. Ọ̀pá tí ń nu òjò lójú gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í nu oòrùn. Rédíò tí kò sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta ṣí, ọkùnrin kan nínú rẹ̀ sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń sá kòkó. Gbogbo ohun tí rewáyà fi bébà sìgá dè ló tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi èyí tí mo ń wá.

"Ó le, sà," ni mo wí.

"Mo rí i," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Fa bíréèkì tọwọ́."

Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde dúró lórí bíréèkì, mo fa tọwọ́. Eré rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n kò dúró.

"Fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha ògiri ilẹ̀ etí ọ̀nà yẹn, lápá òsì."

Ọ̀gá mi ké láti ẹ̀yìn. "Ògiri wo? Ọ̀dà ọkọ̀ mi ńkọ́?"

Bàbá kò bojú wẹ̀yìn. "A ó tún un kùn. Ẹ̀yin ni a kò lè tún kùn."

Sítíárì náà ti wúwo bí ọlọ. Mo gbé gbogbo ara lé e, mo fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ra ilẹ̀ pupa etí ọ̀nà. Ọ̀gá mi, nígbà tí inú bá bí i tàbí ẹ̀rù bá bà á, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni ó ń sọ. N kò ní kọ ohun tí ó sọ síbí, nítorí pé ẹ̀yin ará Òṣogbo kò ní gbọ́ ọ, àwọn ará Iléṣà sì lè jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ̀. Irin dídán bọ́. Ọwọ́ ilẹ̀kùn kan bọ́. A ń lọ, a ń ha, a ń lọ, a ń ha, títí tí eré wa fi tó eré ẹni tí ń lọ kí àna rẹ̀. Níbẹ̀ ni ògiri ilẹ̀ tán. Afárá kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ọ̀nà sì ṣì ń sọ̀.

Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí ìjókòó. Ó ká agbádá lé èjìká. Ó ṣí ilẹ̀kùn tó kù díẹ̀ kó jábọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ tòun ti wẹ́ẹ̀jì, bí ẹni tó dé ibi tó ń lọ. Kò sáré. Ó dúró de táyà ẹ̀yìn bí ọdẹ ti ń dúró de ẹran tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí táyà dé, ó rọra ti wẹ́ẹ̀jì sí iwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ọkọ̀ náà gun igi, ó gbọ̀n, ó padà sẹ́yìn, ó dúró.

Fèrè ṣì ń dún. Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa wáyà bátìrì yọ. Ibi gbogbo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kòkó sísá kò parí.

Awakọ̀ lọ́rì náà jáde láti abẹ́ afárá, ó ń nu ọwọ́. Ó wo bàbá, ó wo wẹ́ẹ̀jì, ó wo ọkọ̀ olówó. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá bí ọmọ iṣẹ́ ti ń kí ọ̀gá; ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé lọ́rì bàbá fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ kọlù.

"Bàbá, ṣé ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ni?" ni ó bi í.

"Wọ́n gbé mi jáde ni."

"Ta ló ń wa ọkọ̀?"

"Òun náà ni ìbéèrè tí mo fẹ́ bi wọ́n nílé."

Lọ́rì náà ni ó gbé wa dé Òṣogbo, ó fi okùn fa ọkọ̀ olówó tẹ̀lé ara rẹ̀. Orí àpò kòkó ni ọ̀gá mi jókòó sí, nínú agbádá àrán. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i dáadáa níbẹ̀, ó sì jọ pé ara tù ú ju ti àárọ̀ lọ.

Nígbà tí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá, iṣu mi ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìyá ọmọ gbé omi wá. Ọmọ náà kò jáde, ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ẹnu ọ̀nà.

Bàbá ní, "Ta ni ó pa ẹ́ńjìnnì?"

Mo ní, "Ọ̀gá mi ni ó ní kí n pa á, sà."

"N kò bèèrè ẹni tó ní kí wọ́n pa á."

Ọ̀gá mi fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ẹnìkan kì í sábà dá ọ̀gá mi lẹ́kun bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni mo wí.

"Ó dáa. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè sọ ohun tó bá wù ú. Kò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì. Bí o bá gbé ọmọ mi sínú ọkọ̀ lọ́la, tí ẹnìkan sì wà lẹ́yìn tó ń fi ọ̀pá kàn ọ́ léjìká, kí ni wàá ṣe?" Kò dúró gbọ́ èsì. "Fi iṣu yẹn síbẹ̀ ná. N kò gbà á, n kò sì dá a padà. Wà ní gáréèjì ní aago mẹ́fà àárọ̀."

Mo dé gáréèjì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́rì bàbá fẹ́ padà sí Iléṣà. Bàbá ti jókòó sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ rẹ̀. Ó na wẹ́ẹ̀jì sí mi láti fèrèsé tí kò ní gíláàsì. Ọ̀dà àwọ̀ wàrà díẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ irin ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn." Báyìí ni èmi ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí mo ka ìwé mẹ́fà jáde, ṣe rọ̀ mọ́ ìdí lọ́rì, lábẹ́ RỌRA, ILÉ Ò SÁ LỌ, tí mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀." Mo ní a dúpẹ́.

Nígbà tí a dé òkè àná láti ìsàlẹ̀, lọ́rì gùn ún dé ìdajì, ó rẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo sáré, mo fi wẹ́ẹ̀jì há ẹ̀yìn táyà. Awakọ̀ ní kí n gbé ọwọ́ kúrò, lọ́rì ń fẹ́ padà. N kò gbé e. Mo wo táyà dáadáa, mo rí i pé igi náà kò tíì wọlé tán. Mo tì í wọlé kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Lọ́rì dúró.

Bàbá yọ orí jáde. Ó wo táyà, ó wò mí.

"Wọ́n ní kí o gbé ọwọ́ kúrò."

"Kò tíì wọlé, sà."

Ó mi orí. "Ọjọ́ wo ló rọ àwọn ẹbí rẹ lọ́rùn?"

Kí n tó dáhùn, ẹ́ńjìnnì ti gba agbára, awakọ̀ ti ki jíà, lọ́rì sì ti gbéra, ó ń gòkè lọ. Mo fa wẹ́ẹ̀jì yọ nínú ẹrẹ̀, mo gbé e lé èjìká, mo ń sáré tẹ̀lé wọn lórí òkè náà, mo ń pariwo pé, "Sátidé, sà. Sátidé."